Kí Ẹ Tó Gbé Ẹjọ́ Dé Kóòtù ní Filipínì: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Yorùbá Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Àwọn àgbà wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ní Filipínì, ìjọba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1991 pa á láṣẹ pé bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni méjì tí wọ́n jọ ń gbé ìlú kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ olórí barangay kí wọ́n tó lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Barangay ni ẹ̀ka ìjọba tó kéré jù lọ níbẹ̀, ó fara jọ wọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ wa. Olórí rẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Kapitan, jẹ́ ẹni tí wọ́n dìbò yàn. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè sáré gba agbẹjọ́rò, kó náwó, kí adájọ́ sì dá ìwé ẹjọ́ rẹ̀ nù nítorí pé ìwé ẹ̀rí barangay kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ilé gbígbà ṣe àpẹẹrẹ. Àṣà wọn ni pé kí onílé gba owó oṣù kan ṣáájú, kó sì tún gba owó oṣù méjì tí yóò dì mú títí ayálégbé yóò fi kó jáde. Bí ẹ bá kó jáde tán tí onílé kò dá owó tó dì mú padà, ọ́fíìsì barangay ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ lè fẹnu sọ ẹ̀sùn yín, ẹ sì lè kọ ọ́ wá. Wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí wọ́n ń pè ní blotter, ẹ ó san owó táṣẹ́rẹ́, wọn yóò sì fìwé pe onílé. Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jókòó síwájú Kapitan láìsí agbẹjọ́rò, nítorí òfin kò gbà á láyè níbẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ Tagalog, ẹ tètè sọ ọ́ kí wọ́n lè bá yín sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má jágbe. Ẹni tó bá ti rojọ́ níwájú baálẹ̀ rí kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ 15 ni Kapitan ní láti pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá lójú, wọn yóò yan ẹni mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ alárinà tí wọ́n ń pè ní Lupon, àwọn náà yóò sì gba ọjọ́ 15, tí wọ́n lè fi 15 mìíràn kún. Bí ó bá já sí pàbó, ìgbà náà ni wọn yóò fún yín ní ìwé tó fàyè gba ilé ẹjọ́. Àmọ́ bí ẹ bá fọwọ́ sí àdéhùn, tí ọjọ́ 10 sì kọjá láìsí ẹni tó wá búra pé ẹ̀tàn tàbí ìhàlẹ̀ ni wọ́n fi gba ìfọwọ́sí òun, àdéhùn náà ti ní agbára ìdájọ́ kóòtù. Nítorí náà, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ ní èdè tí ẹ kò gbọ́. Òfin fúnra rẹ̀ ní èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́ ni kí wọ́n fi kọ ọ́.

Barangay kò ní agbára lórí ohun gbogbo. Bí iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ tàbí ìjọba bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tàbí bí ẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ náà bá lè ju ọdún kan lọ, kóòtù ló kàn. Fún gbèsè tí kò ju 1,000,000 peso lọ, ìlànà kan wà tí agbẹjọ́rò kì í dá sí níwájú adájọ́, tí adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́, tí kò sì sí kòtẹ́milọ́rùn nínú rẹ̀.

Sọ̀wédowó ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Àwọn onílé kan yóò ní kí ẹ kọ ti oṣù 12 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi ọjọ́ iwájú sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ọdún 1979 tí wọ́n ń pè ní BP 22 sọ sọ̀wédowó tí kò lówó lẹ́yìn di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fi sọ̀wédowó sanwó ilé? Bí bánkì bá dá a padà, tí ìwé ìfilọ̀ sì tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ní ọjọ́ márùn-ún tí bánkì fi ń ṣiṣẹ́ láti san owó náà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òfin kà á sí pé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé owó kò tó. Bí ẹ bá fẹ́ kó jáde kí ọdún tó pé, ẹ gba àwọn sọ̀wédowó tó kù kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n jẹ lówó, ẹ má ṣe gbé àwòrán onígbèsè sórí Facebook pé olè ni. Òfin ọdún 2012 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì mú kí ìjìyà ìbanilórúkọjẹ́ níbẹ̀ wúwo ju ti inú ìwé ìròyìn lọ, òtítọ́ nìkan kò sì gbani, àfi bí ẹ bá fi hàn pé ìdí rere ni ẹ fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí Kapitan ì bá parí á wá di ẹjọ́ tí ẹ̀yin gan-an yóò máa jẹ́.

Fún àwọn tó fẹ́ ṣòwò, òfin ọdún 1936 kan ń fìyà jẹ àjèjì tó bá fi orúkọ ọmọ onílẹ̀ bojú láti ṣe òwò tí òfin kò fún àjèjì, ó sì ń fìyà jẹ ẹni tó yá a lórúkọ: ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15. Òfin ilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìwé òfin ọdún 1987 kò gba àjèjì láyè láti ra ilẹ̀, bó tilẹ̀ lè ra yàrá nínú ilé alájà púpọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìpín àwọn àjèjì níbẹ̀ kò bá kọjá 40 nínú 100. Ọkọ kan tó jẹ́ ará Jámánì fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀ ní Antipolo lórúkọ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Filipínì. Nígbà tí wọ́n pínyà, ó bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n kúkú dá owó òun padà. Ní ọdún 2006, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dáhùn pé ó mọ òfin kó tó rà á, wọn kò sì dá kọ́bọ̀ padà fún un lórí ilẹ̀ náà.