Kí Ẹ Tó Fi Ẹ̀rọ X-ray Ránṣẹ́ Sílé: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ra ẹ̀rọ X-ray tuntun, àwọn ọmọ wa tó jẹ́ rediógíráfà, àwọn tó ń ya àwòrán X-ray, níbẹ̀ sì dáwó jọ kí ògbólógbòó rẹ̀ lè wá sí Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì. Oore ńlá ni. Àmọ́ ìwádìí kan tó jáde ní 2011, tó wo ẹ̀rọ ìṣègùn tó lé ní 112,000 ní orílẹ̀-èdè 16, fi hàn pé nǹkan bí 38 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́: wọn ò kọ́ òṣìṣẹ́ bó ṣe yẹ, ohun tí ẹ̀rọ nílò láti ṣiṣẹ́ kò sí, kò sì sí ètò ìtọ́jú. Ní ti X-ray, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣìṣe náà ló ti ṣẹlẹ̀ kí kọ̀ǹténà tó kúrò ní èbúté.

Èyí tó burú jù ni ká ti gba ẹ̀rọ tán ká tó béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó fẹ́ lò ó. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, lórí ìtọrẹ ẹ̀rọ ìṣègùn sọ ọ́ kedere pé ohun tí ẹni tó ń gba ẹ̀rọ fẹ́ la gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún, àti pé ohun tí ẹ kò lè fi tọ́jú aláìsàn tiyín, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ béèrè: aláìsàn mélòó ló ń ya àwòrán lóòjọ́? Ṣé àyà ló pọ̀ jù ni àbí egungun? Rediógíráfà mélòó lẹ ní? Ta ló máa ka àwòrán? Ta ló máa ra fíìmù? Ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti egungun tó ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà ló kún ibẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ CT, èyí tó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele, tí owó túùbù rẹ̀ (ibi tí ìtànṣán ti ń jáde) kan ṣoṣo lè gbé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ mì.

Iná ló tẹ̀ lé e. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz, ẹ̀rọ ńlá ibẹ̀ sì sábà máa ń lo volt 480 tàbí 208. Tiwa jẹ́ 50 Hz, volt 415 fún féèsì mẹ́ta, 240 fún féèsì kan. Ẹ̀rọ 50 kW lè fa nǹkan bí ampere 80 lórí féèsì kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wáyà tó ti ara tiransifọ́mà wá bá tín-ínrín tàbí tó bá jìnnà, volt á já wálẹ̀ lójijì: ẹ̀rọ á dákẹ́, tàbí kí àwòrán má hàn dáadáa, wọ́n á tún un yà, aláìsàn á sì gba ìtànṣán lẹ́ẹ̀mejì. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA tó ń gbé fíríìjì àti yàrá iṣẹ́ abẹ kò lè gbé e. Kí ẹ tó yan ẹ̀rọ, ẹ ní kí ẹnjiníà ilé ìwòsàn fi mítà wọn volt láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì kọ iye wákàtí tí iná fi wà. Bí iná kò bá dúró, ẹ wá ẹ̀rọ tó ní bátìrì tàbí kapásítọ̀ nínú, tó ń gba agbára díẹ̀díẹ̀ láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán. Àìdúró iná yìí wà lára ohun tí WHO rò nígbà tó ṣètò WHIS-RAD, irú ẹ̀rọ X-ray kan tó rọrùn, fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké.

Bátìrì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá há sí Àpápá fún oṣù mẹ́rin nítorí ìwé tí kò pé, bátìrì olójè tí kò gba iná nínú ooru kọ̀ǹténà lè má jí mọ́. Ẹ gba ìwé àṣẹ NNRA, àjọ tó ń mójú tó ìtànṣán ní Nàìjíríà, kí ẹ̀rọ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ta ló máa san owó èbúté. Nígbà tó bá dé, ẹ má fi agbára kíkún ya aláìsàn lọ́jọ́ kìíní. Túùbù tó ti sùn fún oṣù mélòó kan nílò ìmúgbóná: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kV (agbára volt túùbù) kékeré, ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sinmi láàárín, bí ìwé ẹni tó ṣe é bá ṣe là á sílẹ̀. Ánóòdù, irin inú túùbù tí ìtànṣán ti ń jáde, lè sán bó bá tutù tó sì gba agbára ńlá lójijì.

Ìwé àtúnṣe àti password àwọn ẹnjiníà ńkọ́? Ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń yọ̀ǹda ẹ̀rọ, nítorí láìsí wọn, àṣìṣe kékeré kan lè ti ẹ̀rọ pa.

Ní ti yàrá, ẹ má gba "búlọ́ọ̀kù ìnṣì mẹ́sàn-án ni" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú. Ìtànṣán tó bá gba ibi ihò kọjá kì í pàdé kọnkéré tó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kọnkéré dí ihò náà, tàbí kí wọ́n lẹ òjé mílímítà 2 mọ́ ògiri títí dé mítà 2 ó kéré tán, ilẹ̀kùn náà kò sì gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi kọ́ ẹnì kan ṣoṣo kì í pẹ́ parẹ́, torí ẹni náà lè jápa lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kọ́ ẹni mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn máa kọ́ àwọn yòókù. Ẹ gba ìwé RRBN, àjọ tó ń forúkọ àwọn rediógíráfà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn kankan níbẹ̀. Ẹ má sì kó àtẹ kV àti mAs (iye iná tó gba inú túùbù kọjá nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán) tí ẹ ń lò ní Leeds lé wọn lórí. Lórí ẹ̀rọ dígítà, agbára tó pọ̀ jù kì í sọ àwòrán di dúdú bíi ti fíìmù, nítorí náà ìtànṣán máa ń pọ̀ sí i láìsẹ́ni tó mọ̀. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa wo nọ́ḿbà DI, tó ń fi hàn bí ìtànṣán ṣe jìnnà sí iye tó yẹ, lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan: tó bá wà láàárín -1 sí +1, ó dára, tó bá dé +3, ìtànṣán ti di ìlọ́po méjì.

Bí ẹ bá ń bá wọn ka àwòrán láti òkè òkun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí WhatsApp pẹ̀lú orúkọ aláìsàn lórí rẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 dáàbò bo irú ìsọfúnni yẹn, àmì kékeré inú ẹ̀dọ̀fóró sì máa ń sọnù nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. DICOM gan-an, ìyẹn fáìlì àwòrán ìṣègùn tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe, ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ orúkọ.

Lóṣooṣù, ẹ béèrè iye àwòrán tí wọ́n dà nù tí wọ́n tún yà, àti ìdí rẹ̀. Bó bá ju 10 nínú 100 lọ, ẹ jọ ṣí àwọn tí wọ́n dà nù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mọ̀ bóyá aláìsàn ló mira, bóyá wọ́n gbé e sípò lódì, tàbí volt ló já wálẹ̀.