Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú wíwọn anisotropy òòfà ní ojú ìpàdé àwọn fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Nínú irin tàbí kóbáltì tí ó nípọn, átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò yí ká. Èyí tí ó wà lójú òde ti pàdánù àwọn tí ó yẹ kí ó wà lókè rẹ̀, èyí tí ó sì wà níbi tí ìpele méjì ti pàdé ń bá àjèjì gbé ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọdún 1954, Louis Néel, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, ṣàlàyé pé àìdọ́gba yìí tó láti mú kí òòfà ojú òde yan ìhà kan láàyò ju òmíràn lọ. Yíyàn yìí ni anisotropy. Ní 1968, Gradmann àti Müller fi hàn nínú fíìmù níkẹ́ẹ̀lì àti irin tí wọ́n tẹ́ sórí bàbà pé òòfà lè dúró lóòró sí ojú fíìmù bí fíìmù náà bá fẹ́lẹ́ tó. Ní 1985, Carcia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú rẹ̀ nínú kóbáltì àti páládíọ̀mù tí wọ́n tò léra wọn, nígbà tí ó sì di 2010, Ikeda, Ohno àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Tohoku ní Japan lo CoFeB (àdàlù kóbáltì, irin àti bórọ́ọ̀nù) tí ó nípọn nánómítà 1.3, tí ó fara kan MgO (ọ́ksáìdì magnẹ́síọ̀mù), láti ṣe ẹ̀yà ìrántí kọ̀ǹpútà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 40. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ lórí MRAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà tí ń fi òòfà pa ìsọfúnni mọ́, ti ń pọ̀ sí i, tí àwọn tí ń wọn anisotropy yìí sì ń pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ kan tí ń wọn anisotropy ojú ìpàdé ní tààrà. Ohun tí a ń wọn ni àpapọ̀, Keff, a ó sì wá fi ìṣirò yọ ti ojú ìpàdé jáde: Keff × t = Kv × t + 2Ks, níbi tí t ti jẹ́ ìnípọn fíìmù, tí Kv jẹ́ ti inú fíìmù, tí Ks sì jẹ́ ti ojú ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ya Keff × t sí òpó ìdúró gíráàfù, tí a ya t sí òpó ìbú, ìlà tààrà ni a ń retí: ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Kv, ibi tí ó ti gé òpó ìdúró ni 2Ks. Ó dùn ún ṣe, ìdí sì nìyí tí ibi tí ìlà ti gé òpó náà fi di ààtàn: ohunkóhun tí a kò kà kún, tí a ṣì wọn, tàbí tí a gbàgbé, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, a ó sì máa pè é ní físíìsì ojú ìpàdé. Gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i, ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí a ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ojú ìpàdé ti ṣẹlẹ̀ kí a tó dé ojú ìpàdé rárá.

Àṣìṣe àkọ́kọ́, tí ó sì burú jù lójú tèmi, ni gbígba ìnípọn tí ẹ̀rọ sputtering (ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ́ fíìmù) sọ gẹ́gẹ́ bí ìnípọn òòfà. Nígbà tí a bá tẹ́ CoFeB sórí tántálọ̀mù, àwọn átọ̀mù méjèèjì a máa wọnú ara wọn, apá kan fíìmù náà kò sì ní lóòfà mọ́. Òkú ìpele ni a lè pè é, nítorí pé irin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òòfà kò sí. Kí a sọ pé fíìmù kan jẹ́ nánómítà 1.3 lórí ìwé, tí òkú ìpele inú rẹ̀ jẹ́ 0.4, tí ìwọ̀n òòfà kíkún rẹ̀ gan-an, tí a ń fi Ms kọ, sì jẹ́ 1.26 MA/m. Bí ẹ bá pín òòfà tí ẹ wọ̀n fún 1.3 dípò 0.9, Ms yóò jáde ní 0.87 MA/m. Ó lè dà bí ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n agbára tí ìrísí fíìmù fi ń tẹ òòfà sílẹ̀ níbùú jẹ́ ½μ0Ms², níbi tí μ0 ti jẹ́ iye kan tí kì í yí padà, tí a sì fi Ms sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, nítorí náà, agbára tí ó jẹ́ 1.0 MJ/m³ ní tòótọ́ yóò di 0.48 lórí ìwé yín. Bí pápá òòfà tí ó borí anisotropy fíìmù náà bá jẹ́ 0.3 T, tí a sì gbà pé kírísítálì inú fíìmù kò dá sí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí àwọn ojú ìpàdé mú wá lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.07 mJ/m², ẹni tí ó lo 1.3 yóò kọ 0.79. Ó ti sọ ju ìdá mẹ́rin kan lọ nù. Ohun tí ó tún mú kí àṣìṣe yìí máa fara pa mọ́ ni pé Keff × t fúnra rẹ̀ kò yí padà, nítorí Ms àti t máa ń pa àṣìṣe ara wọn rẹ́ nínú rẹ̀, tí gíráàfù náà yóò sì dà bí èyí tí ó mọ́ tónítóní.

Ohun tí ó yẹ ni kí a ṣe fíìmù márùn-ún tàbí mẹ́fà ní oríṣiríṣi ìnípọn, kí a ya òòfà tí ó wà lórí ìwọ̀n ojú kan náà sí gíráàfù pẹ̀lú ìnípọn tí ẹ̀rọ sọ. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà ni Ms, ibi tí ó ti gé òpó ìbú sì ni òkú ìpele. Pẹ̀lú pulatínọ̀mù àti páládíọ̀mù, ìdàkejì ni a sábà máa ń rí: ìlà náà yóò gé òpó náà lẹ́yìn òdo, nítorí pé kóbáltì ti ran aládùúgbò rẹ̀ ní òòfà. Ẹni tí ó bá pe èyí ní àṣìṣe ẹ̀rọ, tí ó sì fipá mú ìlà náà gba ojú òdo kọjá, ti da òtítọ́ nù. Kí a sì fi ìtànṣán X tí ń ta padà lójú fíìmù yẹ ìnípọn fúnra rẹ̀ wò, nítorí pé bí ẹ̀rọ ti ń yára tẹ́ fíìmù lónìí lè yàtọ̀ sí bí ó ti ń ṣe ní oṣù tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ wíwọn òòfà yìí ní ọ̀fìn mìíràn. Fíìmù kóbáltì tí ó nípọn nánómítà 1, tí ó jẹ́ mílímítà 5 sí 5, ní òòfà tí kò ju nǹkan bí 3.5 × 10⁻⁸ A·m² lọ. Sílíkọ̀nì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, bí ó bá nípọn ìdajì mílímítà, yóò fún wa ní nǹkan bí 4 × 10⁻⁸ ní òdìkejì nínú pápá 1 T. Èyí ni pé ìpìlẹ̀ tí a tẹ́ fíìmù lé pariwo ju fíìmù lọ. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ yọ ti sílíkọ̀nì kúrò, ìlà tí ó ń dagẹ̀rẹ̀ nínú pápá ńlá ni a sì fi ń ṣe é. Àṣìṣe ibẹ̀ ni ṣíṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá fi pápá sí ìhà tí fíìmù kò fẹ́, tí pápá náà kò sì tíì tó láti fa òòfà dé ibẹ̀ tán. Nígbà náà, apá kan ìdagẹ̀rẹ̀ tí a ń yọ dànù jẹ́ ti fíìmù gan-an, anisotropy yóò sì kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ yọ ti ìpìlẹ̀ nígbà tí pápá wà ní ìhà tí ó rọrùn, kí ẹ lo iye kan náà fún ìhà kejì. Kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀mú irin gbá etí rẹ̀ mú. Ẹyọ irin bíńtín tí ojú kò lè rí tó láti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.

Àṣìṣe kejì tí ó tún tóbi ni fífa ìlà tààrà kan gba àárín gbogbo àmì orí gíráàfù láìwo ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀. Ní ìhà tí fíìmù ti fẹ́lẹ́ jù, fíìmù lè má tíì so pọ̀, kí ó jẹ́ erékùṣù kéékèèké, òòfà rẹ̀ sì lè ti rẹ̀wẹ̀sì nítorí pé ìwọ̀n ooru tí ó fi ń pàdánù òòfà ti wálẹ̀ súnmọ́ ti yàrá. Àwọn àmì tí ó já wálẹ̀ níbẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa Ks. Ní ìhà tí ó nípọn, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí átọ̀mù fíìmù àti ti ìpìlẹ̀ kò bá bára wọn mu, fíìmù náà yóò kọ́kọ́ fa ara rẹ̀ gùn tàbí kí ó sún ara rẹ̀ kì, títí yóò fi dé ìnípọn kan tí kò ti lè rára gbà á mọ́, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ìfàgùn tí ó ṣẹ́ kù ń dínkù bí 1/t. Anisotropy tí ìfàgùn yẹn ń mú wá yóò máa dínkù bẹ́ẹ̀ náà, èyí sì jẹ́ ìrísí kan náà pẹ̀lú ti ojú ìpàdé gẹ́lẹ́. Chappert àti Bruno ti ṣàlàyé èyí láti 1988 nínú iṣẹ́ wọn lórí fíìmù kóbáltì, síbẹ̀ a ṣì ń rí ẹni tí yóò kéde Ks ńlá láìtíì fi ìtànṣán X wo ìfàgùn fíìmù rẹ̀. Gíráàfù nìkan kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ láéláé.

Nípa 2 tí ó wà níwájú Ks, ohun tí mo ní láti sọ kò pọ̀. Ó túmọ̀ sí pé òkè àti ìsàlẹ̀ fíìmù jọ ara wọn. Nínú pulatínọ̀mù, kóbáltì àti ọ́ksáìdì alumíníọ̀mù, wọn kò jọra rárá; ohun tí a rí níbẹ̀ ni àpapọ̀ Ks ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, pípín in sí méjì yóò sì fún wa ní iye tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bákan náà, kí ẹ sọ bóyá Kv yín ti ní ipa ìrísí fíìmù nínú tàbí kò ní, nítorí àwọn kan ń yọ ọ́ kúrò ṣáájú, àwọn kan kì í yọ ọ́. Ní ti ìwọ̀n, 1 erg/cm² jẹ́ 1 mJ/m², ṣùgbọ́n 1 erg/cm³ jẹ́ 0.1 J/m³, ẹni tí ó bá fi òfin ti àkọ́kọ́ yí ti ìkejì padà yóò ṣìnà jìnnà.

Àṣìṣe mìíràn ni gbígbà pé lúùpù hysteresis (ìlà tí ń fi hàn bí òòfà ti ń tẹ̀lé pápá ní àlọ àti àbọ̀) tí ó ní igun mẹ́rin gbọọrọ jẹ́ ẹ̀rí anisotropy tí ó lágbára, àti pé pápá tí ó yí òòfà padà ni pápá anisotropy. Ohun méjì ni wọ́n. Pápá anisotropy jẹ́ 2Keff tí a pín fún μ0Ms, ó sì sábà máa ń pọ̀ ju coercivity, ìyẹn pápá tí ó yí òòfà padà, lọ dáadáa, nítorí pé òòfà kì í yí padà lẹ́ẹ̀kan náà níbi gbogbo: ibi kan tí ó lábùkù ni yóò kọ́kọ́ yí, lẹ́yìn náà ni ààlà yóò máa sún káàkiri fíìmù. Nípa bẹ́ẹ̀, coercivity ń sọ nípa àbùkù ju bí ó ti ń sọ nípa ojú ìpàdé lọ. Ìdàkejì rẹ̀ náà máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bí a bá tún kóbáltì àti pulatínọ̀mù tò léra wọn lọ́pọ̀ ìgbà, òòfà rẹ̀ lè pín sí agbègbè kéékèèké (domain) tí àwọn kan kọjú sókè, tí àwọn kan kọjú sísàlẹ̀, kí lúùpù náà dagẹ̀rẹ̀, kí òòfà tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí pápá bá di òdo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, bẹ́ẹ̀ sì ni òòfà inú agbègbè kọ̀ọ̀kan dúró lóòró ṣinṣin. Ojú àyè tí ó wà láàárín ìlà ìhà méjèèjì, láti òdo títí tí òòfà fi kún, ni kí ẹ fi ṣírò Keff, tàbí kí ẹ lo ferromagnetic resonance (fífi ìgbì máíkíróweéfù mú òòfà gbọ̀n), tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ka àwọn agbègbè yìí sí bí pápá bá ti tó.

Ó ku yíyan fíìmù nínú ààrò. CoFeB tí ó fara kan MgO sábà máa ń dára sí i bí a bá yan án ní nǹkan bí 250 sí 300 °C, nítorí pé bórọ́ọ̀nù yóò jáde, kírísítálì yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ara MgO. Àṣìṣe ni láti rò pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ yóò dára jù. Bí ooru bá ń súnmọ́ 400 °C, tántálọ̀mù yóò rìn gba inú fíìmù kọjá dé ojú MgO, anisotropy lóòró yóò sì já. Níwọ̀n ìgbà tí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe chip ń lo nǹkan bí 400 °C láti parí iṣẹ́ wọn, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi yí sí tungsten tàbí molíbdénọ̀mù. Ọ́kísíjìn náà kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kò sì gbọdọ̀ kéré jù, nítorí pé àsopọ̀ láàárín irin àti ọ́kísíjìn ni ó gbé òòfà ró lóòró: bí alumíníọ̀mù tí kò tíì dípẹtà bá ṣẹ́ kù sórí kóbáltì, àsopọ̀ náà kò tíì sí, bí kóbáltì fúnra rẹ̀ bá dípẹtà, ó ti bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi iye Ks rẹ̀ wé ti ìṣirò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ rántí pé ojú ìpàdé tí kọ̀ǹpútà ṣírò sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tí átọ̀mù ọ́kísíjìn kọ̀ọ̀kan jókòó gẹ́lẹ́ sórí átọ̀mù irin, ní ìwọ̀n ooru òdo pátápátá, nígbà tí tirẹ̀ ti ààrò jáde, tí ó sì wà lórí ẹ̀rọ ní nǹkan bí 300 K.