Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ Àbíjàn

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé kìlómítà mélòó ni Èkó sí Àbíjàn, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ẹ̀ kíá: ó lé díẹ̀ ní 1,000, ẹ fi díẹ̀ sí i tó bá jẹ́ Èjìgbò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lẹ ti fẹ́ wọkọ̀. Ṣùgbọ́n kìlómítà ò sọ nǹkan kan fún yín o. Ká ní títì yẹn ṣófo tí ẹnikẹ́ni ò dá mọ́tò dúró ni, ẹni tó bá gbéra láàárọ̀ kùtù á jẹun alẹ́ ní Treichville ní Àbíjàn. Bọ́dà ló ń jẹ àkókò, mẹ́rin ló sì wà lójú ọ̀nà yẹn: Sẹ̀mẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbà wọ Benin, Hillacondji tẹ́ ẹ máa gbà wọ Tógò, Aflao tẹ́ ẹ máa gbà wọ Gánà, àti Elubo tẹ́ ẹ ti máa sọdá sí Noé ní Côte d'Ivoire. Torí ẹ̀ ni mọ́tò fi ń lo ọjọ́ kan àbọ̀, ọjọ́ méjì, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ń ṣètò, bọ́dà ni kẹ́ ẹ máa kà, ẹ gbàgbé kìlómítà.

Pépà ló ṣáájú. Látìgbà àdéhùn ECOWAS ti 1979, ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà fún gbogbo ibi tá à ń sọ yìí, ẹ lè lo 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n àìgba físà kì í ṣe àìní páspọ́tì o. Ẹ mú páspọ́tì tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé. Ìkejì ni yẹ́lò káàdì. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni, ó di ọjọ́ 10 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbà á kí káàdì yẹn tó wúlò, torí náà ẹni tó lọ gbà á láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ wọkọ̀, bíi pé kò gbà á náà ni. Láti 2016 sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá ti gbà á, títí ayé ẹ̀ ni, tí ẹnì kan bá wá wò ó ní bọ́dà tó ní tiyín ti ẹ̀sípáyà torí pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un, ẹ má bá a jà. Lápá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tí wọ́n ń ní "carnet, carnet", òun ni wọ́n ń bèèrè. Tẹ́ ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá ẹ̀ tí ò bá yín lọ, kẹ́ ẹ sì mú ìwé ọjọ́ ìbí ẹ̀. Ẹni tí pépà ẹ̀ ò pé, wọ́n máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni, á máa bẹ̀, á máa náwó, gbogbo èrò ọkọ̀ á sì máa dúró dè é nínú oòrùn. Mo ti bá irú wọn wọkọ̀ rí, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di igi.

Kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ bi wọ́n ní gáréèjì pé ṣé owó bọ́dà wà nínú ẹ̀ àbí wọ́n ṣì máa gbà á lójú ọ̀nà, ṣé mọ́tò yìí ló máa gbé yín dé Àbíjàn tààrà àbí ẹ máa pààrọ̀ ọkọ̀, ẹrù mélòó ni ọ̀fẹ́. Tí wọ́n bá ń kùn lẹ́nu, ẹ wá ọkọ̀ míì. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ọmọ ọkọ̀ ló máa kó páspọ́tì gbogbo èrò lọ gba òǹtẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n tó bá ti dá tiyín padà, ẹ ṣí i wò kí mọ́tò tó gbéra, kẹ́ ẹ rí òǹtẹ̀ ìjáde àti òǹtẹ̀ ìwọlé. Tí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ nílé lẹ máa mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ni mo fẹ́ ká sọ dáadáa. Jẹ́ kí ará ilé gbọ́ pé ẹ ń lọ Àbíjàn, ẹ máa rí páálí: "Bá mi fún bùrọ̀dá mi ní Adjamé jàre, kékeré ni, ẹ̀gúsí lásán ni." Èèyàn ò lè wo ojú àǹtí kó ní òun ò gbé e, mo mọ̀. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé màá ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ lójú èmi àti wọn, màá fọwọ́ ro ẹ̀gúsí yẹn délẹ̀, màá wá fúnra mi dì í padà. Tí wọ́n bá fajú ro, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á. Ẹni tí ò bá gbà kẹ́ ẹ tú ẹrù ẹ̀, ẹ má gbé e, ì báà jẹ́ ìyá tó bí yín. Torí ní bọ́dà, wọ́n lè ní kí gbogbo èrò kó ẹrù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí kálukú dúró ti tiẹ̀, tí wọ́n bá wá rí oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀ nínú ẹ̀gúsí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé àǹtí ló ni ín. Oògùn tẹ́yin gan-an ń lò, inú páálí ẹ̀ ni kó wà, kẹ́ ẹ fi ìwé dókítà mọ́ ọn. Aṣọ tó bá sì ti pọ̀ ju ohun tẹ́nì kan lè wọ̀, ọjà ni wọ́n máa pè é, ẹ̀yin àti kọsítọ́ọ̀mù lẹ máa jọ sọ ọ́.

Owó ńkọ́? Séfà lẹ máa ná ní Benin àti Tógò, ní Gánà ó di sídì, tẹ́ ẹ bá sọdá sí Noé séfà yẹn náà lẹ tún máa ná. Torí náà ẹ má lọ ṣẹ́ gbogbo ẹ̀ sí sídì ní Aflao, ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa fi jẹun ti tó. Ará Èjìgbò ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ tipẹ́, ẹ máa rí ẹni ṣẹ́ séfà fún yín níbẹ̀ láì tíì dé bọ́dà. Ẹni tó bá máa ṣẹ́ ẹ ní Sẹ̀mẹ̀, kó ti bèèrè iye tí séfà ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó sì ka tọwọ́ wọn tán kó tó gbé tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ pín owó sọ́nà mẹ́ta, ẹ tọ́jú ẹyọ séfà sápò, torí tọ́íléètì, ọ̀fẹ́ kọ́.

Ti oúnjẹ ò le. Ní Gánà, tí mọ́tò bá ti dẹwọ́ eré ní Sogakope níbi afárá odò Volta, ojú fèrèsé á kún: búrẹ́dì, edé díndín, àti abolo, bí ẹ̀kọ àgbàdo ni, ó dùn díẹ̀, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọn. Ẹ ra ìyẹn, ó sàn ju ráìsì inú kúlà tó ti di ọjọ́ kejì lọ. Ẹ mú sọ́ọ̀sì àti ìborùn torí ẹ́síì, ẹ má gba síìtì ẹ̀yìn pátápátá.

Fóònù: nọ́ńbà Côte d'Ivoire ti di mẹ́wàá látìparí January 2021, èyí tí màmá kọ sínú ìwé nígbà yẹn tó jẹ́ mẹ́jọ ò lè wọlé mọ́, ti Benin náà ti di mẹ́wàá láti 2024. Ẹ ti pe ẹni tó máa wá gbà yín láti ilé, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí pépà torí bátìrì máa kú. Láti Tógò lọ, aago wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, ẹ sọ fún un kó má lọ dúró lásán.

Tó bá jẹ́ mọ́tò ara yín lẹ fẹ́ wà, ẹ gba Brown Card ti ECOWAS lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìńṣọ́ránsì yín, kí orúkọ yín wà nínú pépà mọ́tò tàbí kẹ́ ẹ mú lẹ́tà ẹni tó ni ín, kẹ́ ẹ gba ìwé ìwọlé mọ́tò ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan, kí ìpaná àti C-caution wà ní búùtù. Ẹ má wà á lóru.

Tẹ́ ẹ bá dé Àbíjàn lóru ńkọ́, ẹ má jáde ní gáréèjì. Ẹ bẹ dírẹ́bà kẹ́ ẹ sun inú mọ́tò, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà, tílẹ̀ bá mọ́ kẹ́ ẹ wá wá tasín, kẹ́ ẹ sì ná an kẹ́ ẹ tó wọlé.