Kí Ló Dé Tí Ajílẹ̀ Ń Jó Àgbàdo?

Àgbẹ̀ á bu ajílẹ̀ sídìí àgbàdo lónìí, kó tó ọjọ́ mélòó kan etí ewé ti gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ajílẹ̀ náà ò lẹ́bi. Ibi tí wọ́n bù ú sí ni kò dáa.

Ẹ dán èyí wò nílé. Ẹ gé iṣu sí ọ̀nà méjì, ẹ bó o, ẹ gbẹ́ ihò sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kó má lu dé ìdí. Ẹ se ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní tútù. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí kan sínú ihò méjèèjì, kí ẹ gbé wọn sínú àwo omi tí kò mù wọ́n lórí. Tílẹ̀ bá mọ́, omi á ti gun inú ihò iṣu tútù. Ti sísè kò ní rí bẹ́ẹ̀. (Ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò ti ní tó ṣúgà náà o.)

Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tójú lásán ò lè rí ló para pọ̀ di iṣu, àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò wọ́n ń jẹ́ kómi kọjá, ṣùgbọ́n agbára káká ni iyọ̀ tàbí ṣúgà fi ń ráyè. Ìhà tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá ti pọ̀ jù ni omi ń lọ. Osmosis lorúkọ rẹ̀. Iná ti ba awọ ti iṣu sísè jẹ́.

Bí iyọ̀ ni ajílẹ̀ NPK ṣe ń ṣe tó bá yọ́. Tó bá ti pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, omi tó yẹ kó wọlé á máa jáde. Ilẹ̀ lè tutù rinrin, kí òǹgbẹ ṣì máa gbẹ àgbàdo.

Nítorí náà, ẹ fi ó kéré tán ìbú ìka mẹ́rin jìnnà sídìí àgbàdo, ẹ gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ bù ú sí i, ẹ bò ó. Ẹ má ṣe é nígbà tílẹ̀ gbẹ. Ìgbẹ́ adìẹ tútù náà ń jó irè oko. Ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa kẹ́ ẹ tó lò ó. Bí ajílẹ̀ bá ti jó àgbàdo, ẹ kó ajílẹ̀ tó kù kúrò, kẹ́ ẹ bomi rin ín gan-an kómi lè fọ iyọ̀ náà lọ sísàlẹ̀. Ewé tó ti jó kò ní padà. Ewé tuntun ni kẹ́ ẹ máa wò.

Nílé ìdáná ńkọ́? Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi ta ẹ̀fọ́ tó ti rọ jí. Ẹni tó bá ń fi omi iyọ̀ lé kòkòrò kúrò lára ẹ̀fọ́ kò ṣe burúkú, kó ṣáà má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.