Olórin kan ṣoṣo ni, kì í ṣe méjì

Àwo àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni mo ń kọ sínú MusicBrainz, àkójọ ìsọfúnni nípa orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn lè kọ nǹkan sí. Páálí àwo kan pe Ọmọwúrà ní Alhaji, òmíràn ò pè é bẹ́ẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ di olórin méjì. Ó dùn mí gan-an, torí ẹni tó bá ń wá a ò ní rí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ níbì kan. Mo ní kí wọ́n da méjèèjì pọ̀, ìdìbò àwọn tó ń kọ nǹkan síbẹ̀ bíi tèmi lórí rẹ̀ lè gba ọjọ́ 7. Bí páálí kọ̀ọ̀kan ṣe kọ orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àwo náà.

Àwọn onílù ńkọ́? Orí àwo lápapọ̀ ni mo kó wọn sí tẹ́lẹ̀. Mo wá ń gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan: ta ló lu gángan, ta ló mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀? Èyí tó bá rú mi lójú, mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀.