Bí mo ṣe wá ohun tó ń jẹ iná jù nílé wa rí, tí bíìlì fi wálẹ̀

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa súwíìṣì kiri, ẹ jókòó ti bíìlì yín ná. Ohun témi kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Mo kó gbogbo bíìlì iná tá a ti gbà láti ọdún tó kọjá jáde, mo tò wọ́n sílẹ̀, mo wá ń wo nǹkan méjì péré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: iye yúníìtì tá a lò, àti iye tí wọ́n ń ta yúníìtì kan. Owó lè gòkè nítorí èyí, ó sì lè gòkè nítorí ìyẹn, ojútùú wọn ò sì jọra rárá. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó ń ta iná ló fowó lé e, kò sí gílóòbù tẹ́ ẹ máa pa tó máa dá owó yẹn padà síbi tó wà. Àmọ́ tó bá jẹ́ yúníìtì gan-an ló ń pọ̀ sí i, á jẹ́ pé inú ilé lọ̀rọ̀ wà. Tiwa, yúníìtì ni. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ a ò ra ẹ̀rọ tuntun kankan wọlé.

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ka mítà yín lóòótọ́ àbí wọ́n kàn fojú dá a, ó máa ń wà lára bíìlì. Ẹ lọ wo nọ́ńbà tó wà lójú mítà, ẹ fi wé èyí tí wọ́n kọ, tí kò bá bára mu ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an, fọ́tò tó ní déètì máa ń dín àríyànjiyàn kù.

Yúníìtì kan yẹn náà, kò le: ẹ̀rọ tó ń lo 1,000 wáàtì, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, yúníìtì kan ló jẹ yẹn, òun ni wọ́n ń kọ ní kWh. Gílóòbù LED oní-10 wáàtì máa tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ yúníìtì kan. Hítà oní-2,000 wáàtì, ìdajì wákàtí ló máa fi jẹ ẹ́ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn torí òun ló gbé gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Mo wá kọjú sí mítà. Mítà òde òní sábà máa ń ní iná pupa kékeré kan tó ń tàn tó ń kú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wọ́n á kọ nǹkan bíi 1000 imp/kWh. Ìyẹn ni pé tó bá ti tàn nígbà 1,000, ẹ ti jẹ yúníìtì kan. Ẹ ka iye sẹ́kọ́ńdù tó wà láàárín ìgbà tó tàn àti ìgbà tó tún tàn, ẹ fi pín 3,600, iye wáàtì tí ilé yín ń lò lásìkò yẹn gan-an lẹ rí yẹn. Tó bá jẹ́ 1600 ni wọ́n kọ síbẹ̀, 2,250 lẹ máa pín, tó bá sì jẹ́ 3200, 1,125 ni. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, fóònù yín ní aago tó ń ka sẹ́kọ́ńdù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo èèyàn ti sùn, mo pa gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé, mo yọ fíríìjì lára iná, mo pa hítà omi láti ojú súwíìṣì ẹ̀ lára ògiri, mo wá lọ dúró síwájú mítà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kó kú fin-ín. Kò kú. Ó ń tàn, bíi sẹ́kọ́ńdù 40 síra. 3,600 tá a fi 40 pín, 90 wáàtì nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò lo nǹkan kan o! Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 90 wáàtì fún wákàtí 24 ju yúníìtì méjì lọ, fún ọjọ́ 30 ó sún mọ́ yúníìtì 65. Yúníìtì 65 lóṣù, fún ohun tí gbogbo wa gbà pé a ti pa.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yọ ọ̀kan, mo lọ wo mítà, mo padà wá yọ òmíràn. Ẹ̀rọ orin àtijọ́ tá a gbé sí pálọ̀, tí a kì í pa ju ká tẹ rìmóòtù lọ, òun ló jẹ tó pọ̀ jù. Dekódà tẹ̀ lé e, dekódà burú, torí bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń jẹ iná tó bá wà lójú iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ ẹ́ tẹ́ ẹ bá fi rìmóòtù pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni UPS kọ̀ǹpútà, ìyẹn bátìrì tó ń gbé e dúró tí iná bá lọ, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wa tó tuntun díẹ̀, mítà ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òfin ló fà á: láti 2013, ní Yúróòpù, irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó bá wà ní ìmúrasílẹ̀ lásán, ìyẹn tẹ́ ẹ fi rìmóòtù pa á àmọ́ tó ṣì wà lára iná, ò gbọ́dọ̀ jẹ ju ìdajì wáàtì lọ, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ tó bá ń fi aago tàbí nǹkan míì hàn lójú, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ sì ń ta irú kan náà káàkiri ayé. Ṣájà fóònù tí gbogbo èèyàn ń pariwo lé lórí ńkọ́? Tuntun inú wọn, tí fóònù ò bá sí lẹ́nu ẹ̀, kì í sábà jẹ tó ìdajì wáàtì. Ìyẹn ò tó yúníìtì márùn-ún lọ́dún gbáko. Ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ bá ọmọ jà.

Ojútùú ibẹ̀ rọrùn, mo kó ẹ̀rọ orin, dekódà àti tẹlifíṣọ̀n sórí ẹ̀ẹ́sìténṣọ̀n kan ṣoṣo tó ní súwíìṣì, ẹni tó bá sùn kẹ́yìn ló ń pa á.

Àmọ́ iná tí à ń jẹ kò tán síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an kọ́ ló pọ̀ jù. Mo yá mítà kékeré kan lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná tá a máa ń pè, irú èyí tí wọ́n ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ki ẹ̀rọ bọ òun náà. Fíríìjì ló jẹ́ kí n wá a. Ẹ ò lè fi wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn fíríìjì mọ iye tó ń jẹ, torí mótò ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń sinmi, ó tún ń ṣiṣẹ́, àfi kẹ́ ẹ fi mítà sí i lára láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Tiwa jẹ yúníìtì 2.6. Àyà mi já. Fíríìjì tuntun tó ní fírísà, tó sì tó tiwa, sábà máa ń jẹ 200 sí 350 yúníìtì lọ́dún, kò tó yúníìtì kan lójúmọ́.

A ò lówó òmíràn nílẹ̀, torí náà mo tọ́jú èyí tó wà. Mo fà á kúrò lára ògiri kí atẹ́gùn lè máa gba ẹ̀yìn ẹ̀, eruku tó wà lára àwọn páìpù tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ nípọn bí aṣọ, mo yọ ọ́ lára iná mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n kúrò. Mo fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀, mo pa á dé, mo fà á, bébà yẹn jáde wọ́ọ́rọ́ láìsí ohun tó dì í mú, ìyẹn ni pé rọ́bà ẹnu ẹ̀ ti kú, òtútù ń jáde tọ̀sán tòru. Rọ́bà nìkan là ń rà, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Yìnyín tó ti dì gbagidi nínú fírísà, mo jẹ́ kó yọ́. Mo gbé ìsàlẹ̀ sí 4°C, fírísà sí -18°C, ibi tó yẹ kí oúnjẹ wà nìyẹn, òtútù tó bá ju ìyẹn lọ owó ni. Nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n, ó ti bọ́ sí 1.9.

Hítà omi ló wá kù, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ ti di ti ẹbí.

Omi gbígbóná ò ṣe é rẹ́ jẹ: láti mú kí lítà kan fi 1°C gbóná sí i, bíi kilojúùlù 4.2 ló ń gbà (kilojúùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára), yúníìtì kan sì jẹ́ 3,600 kilojúùlù. Kò sí hítà tàbí kẹ́tùlù tó lè yẹ̀ ẹ́. Garawa omi ìwẹ̀ lítà 15, láti 25°C sí 42°C, bíi yúníìtì 0.3. Ṣáwà tó ń da lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá dúró sábẹ́ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, lítà 100 nìyẹn, yúníìtì méjì nìyẹn. Fún ìwẹ̀ ẹnì kan! Ẹ wá fi wé gílóòbù: tí gílóòbù LED mẹ́fà oní-9 wáàtì bá tàn pa pọ̀ fún wákàtí márùn-ún, kò tó omi garawa kan yẹn. Gbogbo ariwo tá à ń pa mọ́ àwọn ọmọ lálẹ́, garawa omi kan ni. Ọ̀tọ̀ ni tẹ́ ẹ bá ṣì ní gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì nílé o, ẹ tètè fi LED oní-8 tàbí 9 rọ́pò wọn.

Táǹkì hítà tiwa kì í kú. Ó ń gbóná, ooru ẹ̀ ń jò jáde, ó tún ń gbóná padà, bí a wẹ̀ bí a ò wẹ̀. Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé ká máa tàn án láàárọ̀ ká sì máa pa á. Ó ní, "Màmá ńkọ́?" Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa, eegun ń dùn wọ́n, omi gbígbóná ni wọ́n ń wẹ̀. Mo ní omi Màmá ò ṣe é fọwọ́ kàn, tiwa là ń tò. Mo lọ kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo ti máa ń jí ṣáájú yín, ẹ jẹ́ kí n máa kọ́kọ́ wẹ̀." Bó ṣe yanjú nìyẹn. A máa ń tàn án láàárọ̀ kùtù, Màmá á wẹ̀, àwa tó kù á wẹ̀ tẹ̀ lé wọn nígbà tí omi ṣì gbóná, a ó pa á. Mo sì pààrọ̀ ẹnu ṣáwà sí èyí tó ń da lítà 6.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má gbé ìgbóná táǹkì wá sílẹ̀ sí 40°C nítorí owó. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Legionella tó máa ń pọ̀ sí i nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, láti 20 sí 45°C, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àwọn àgbàlagbà ló sì tètè máa ń mú. Ẹ jẹ́ kó dé 60°C tó bá ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wá fi omi tútù lú u.

Àwọn tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ, omi tó ń gbóná ló ń jẹ iná níbẹ̀ ju yíyí tó ń yí lọ, omi tútù la fi ń fọ ọ̀pọ̀ aṣọ báyìí. Áyọ́ọ̀nù, ẹ kó aṣọ jọ kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. AC, ẹ fọ asẹ́ inú ẹ̀ tó ń gba eruku, ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ gbé e sí 25 tàbí 26 kẹ́ ẹ tan fáànù kún un, torí fáànù kì í sábà ju 75 wáàtì lọ. Tí AC yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tí kì í ṣe inverter (irú tí mótò ẹ̀ lè yára tàbí falẹ̀ fúnra ẹ̀), gbígbé e sí 16 ò lè mú kí yàrá tètè tutù, ńṣe ló máa pẹ́ kó tó sinmi.

Bákan náà, wọ́n á wá ta àpótí kékeré kan fún yín tẹ́ ẹ máa ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ó ń dín bíìlì kù. Ẹ má rà á, mo bẹ̀ yín. Kàpásítọ̀, nǹkan kékeré kan tó ń gba iná dúró fúngbà díẹ̀, ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, kò sì dín wáàtì tí ẹ̀rọ yín ń lò kù, wáàtì yẹn sì ni mítà ilé ń kà. Ẹni tó bá sì ní òun máa bá yín fọwọ́ kan mítà, ẹ lé e lọ, iná ń pa èèyàn.

Ti gbèsè tó ti wà nílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo pe iléeṣẹ́ tó ń fún wa ní iná kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, mo ní mi ò lè san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣé a lè pín in sí oṣooṣù. Iye tí mo mọ̀ pé mo lè san gan-an ni mo dárúkọ, mi ò dárúkọ iye tó máa dùn létí wọn, torí tẹ́ ẹ bá ṣàdéhùn tẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́, ẹnu yín á kúrú nígbà míì. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Láti ìgbà yẹn, mo ń yọ owó iná sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra yúníìtì sínú mítà kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ máa wo risíìtì dáadáa, torí wọ́n lè máa yọ gbèsè àtijọ́ lára owó tẹ́ ẹ san, ẹ ó wá rò pé ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé iye tí wọ́n ń ta yúníìtì kan máa ń dín kù lóru níbi tẹ́ ẹ wà, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa fọṣọ.

Bíìlì tó tẹ̀ lé e fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré ní yúníìtì, tí èkejì náà sì dúró síbẹ̀. Fíríìjì yẹn ló ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ní 1.9 lójúmọ́, ó ń jẹ bíi 690 yúníìtì lọ́dún, tá a bá ra èyí tó ń jẹ 300, bíi 390 la máa dín kù. Mo ti fi iye tí wọ́n ń ta yúníìtì kan sọ ọ́ dowó, mo fi iyẹn pín owó fíríìjì tuntun kí n lè mọ ọdún mélòó ló máa gbà kó tó san ara ẹ̀ padà. Bàbá àwọn ọmọ ti wo ìṣirò náà, ó ní ká jẹ́ kí gbèsè iná tán ná, lẹ́yìn ìyẹn owó tá à ń san lórí ẹ̀ lóṣooṣù á di owó fíríìjì.