Bó o ṣe lè ka Báólọ́jì l'Ékòó kó o sì ríṣẹ́ gidi fi ṣe

Ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ fẹ́ ka Báólọ́jì, ẹ gbọ́ mi. Ó máa ń dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wọ kọ́ọ̀sì yìí pẹ̀lú ìbànújẹ́ torí pé JAMB ò gbé wọn dé Mẹ́dísìn, wọ́n á wá fi ọdún mẹ́rin máa káàánú ara wọn, wọ́n á gba sátífíkéètì tán, ọwọ́ wọn ò sì mọ nǹkan kan ṣe. Iṣẹ́ wà nídìí Báólọ́jì o, àmọ́ ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ iṣẹ́ láàbù niṣẹ́ náà ń wá.

Ìwọlé ò le púpọ̀. Use of English, Báólọ́jì, Kẹ́mísìrì, pẹ̀lú Físíìsì tàbí Máàtì lo máa ṣe ní JAMB. Má fojú di Kẹ́mísìrì o, ó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ní 100 level ju Báólọ́jì fúnra ẹ̀ lọ. Ní UNILAG l'Akọka, wọ́n ti pín in sọ́nà-sọ́nà: Botany (ewéko), Zoology (ẹranko), Microbiology (kòkòrò àìfojúrí), Cell Biology and Genetics (sẹ́ẹ̀lì àti àbùdá), Marine Sciences (òkun). Mọ èyí tó o fẹ́ kó o tó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Tí yunifásítì ò bá tíì ṣeé ṣe, lọ béèrè SLT (Science Laboratory Technology, ìyẹn iṣẹ́ láàbù) ní Yabatech, ND ọdún méjì, HND ọdún méjì, ọwọ́ àwọn ọmọ SLT sì máa ń yá ní láàbù.

Práktíkà ni kó o fọkàn sí jù lọ. Wo Gram stain yìí, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi aró mọ irú bakitéríà tó wà níwájú wọn: o máa tẹ́ kòkòrò bíńtín sórí gíláàsì, o máa fi iná yá a díẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ ọn, o máa da crystal violet, aró aláwọ̀ àlùkò, lé e fún bíi ìṣẹ́jú kan, o máa fi omi ṣàn án, iodine ló kàn, lẹ́yìn náà álíkọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, ibẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ wà, torí tó o bá jẹ́ kó pẹ́ jù, àwọ̀ àlùkò yẹn á ṣàn lọ pátá kódà lára bakitéríà tó yẹ kó dì í mú, safranin tó o máa dà sí i kẹ́yìn á sì sọ ọ́ di pínńkì, ìdáhùn tí ò tọ̀nà lo máa kọ sílẹ̀ yẹn. Ẹni tí ò bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é ò lè mọ ìgbà tó yẹ kóun dáwọ́ dúró. Nínú gúrúùpù, ẹni méjì ló sábà máa ń ṣiṣẹ́, àwọn tó kù á máa ya fọ́tò. Rí i pé o wà lára àwọn méjì yẹn. Àwọn kọ̀ǹpìnì tó ń ṣe júùsì, wàrà àti omi n'Íkẹjà àti Apapa nílò ẹni tó lè yẹ ọjà wò bóyá bakitéríà wà nínú ẹ̀ kó tó jáde, ìlò ọwọ́ ẹ ni wọ́n sì máa wò.

Àìtì (IT, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ níta iléèwé) ló tún kàn, má lọ jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n á ti máa rán ẹ lọ ra búrẹ́dì. NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba àpapọ̀, wà ní Yaba, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèwádìí ibà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ, FIIRO, ilé ìwádìí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wà l'Óṣòdì fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ oúnjẹ, NIOMR, ilé ìwádìí òkun ìjọba àpapọ̀, wà ní Victoria Island fún ẹni tó fẹ́ràn ẹja àti òkun. Tètè mú lẹ́tà ẹ lọ, fẹsẹ̀ ara ẹ lọ, kó o sì padà lọ béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í tètè sọ fún ọmọ: Microbiology kọ́ ni Medical Laboratory Science o! Tó bá jẹ́ láàbù ọsibítù lọkàn ẹ wà, kọ́ọ̀sì ọlọ́dún márùn-ún yẹn ni kó o kà, torí MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ láàbù ìṣègùn, ló ń fún àwọn tó kà á ní láísẹ́ǹsì, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ títí wọ́n fi sìnrú ìlú tán.

Láàbù àwọn tó ń ṣe IVF, ìyẹn àwọn tó ń bá tọkọtaya so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ nínú láàbù kí wọ́n lè bímọ, ń wá ọmọ Báólọ́jì, ìyẹn lẹ́yìn tó o bá tún kọ́ṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ àyíká náà wà, torí òfin EIA, ìyẹn òfin yíyẹ ipa tí iṣẹ́ máa ní lórí àyíká wò, ti wà láti 1992, kọ̀ǹpìnì tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi, igbó àti ẹranko ibẹ̀ wò. Tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ tíṣà lo fẹ́, ṣe PGDE (dípúlómà iṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn dìgírì), forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, kó o mọ práktíkà WAEC kọ́ dáadáa, àwọn òbí l'Ékòó ń sanwó lẹ́sìn fún irú tíṣà bẹ́ẹ̀.